Kì í Ṣe Motor Ló Ń Gba Ipò Kìíní: Ọ̀rọ̀ Àgbà fún Ọ̀dọ́ Tó Fẹ́ Fi Brushless Sínú Ọkọ̀ Oní-rìmóòtù

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ fẹ́ràn eré ọkọ̀ oní-rìmóòtù, inú mi dùn pé ẹ fẹ́ yọ motor àtijọ́ kúrò kí ẹ fi brushless dípò rẹ̀. Ìpinnu tó dára ni. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó náwó, ẹ fi èyí sọ́kàn: lórí pápá eléruku, ọkọ̀ tí agbára rẹ̀ bá ara rẹ̀ mu, tí ọwọ́ awakọ̀ sì ká a, ló ń gba ipò kìíní. Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ.

Ẹ jẹ́ kí n fi Traxxas Slash ṣe àpẹẹrẹ. Ilé-iṣẹ́ Traxxas ní ìpínlẹ̀ Texas, ní Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde ní 2008. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ti àwọn ọkọ̀ akẹ́rù gidi tí wọ́n fi ń sáré lórí pápá eléruku. Èyí tó jẹ́ pé táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń ti ọkọ̀ lọ jáde pẹ̀lú motor Titan 12T. Kábọ́ọ̀nù méjì ló ń ha motor yẹn nínú láti gbé iná wọlé. Híha yẹn ló ń di ooru, òun ló ń di ìyẹ̀fun dúdú, òun náà ló sì ń jẹ kábọ́ọ̀nù tán díẹ̀díẹ̀. Brushless kò ní kábọ́ọ̀nù. Òòfà ló wà lára ọ̀pá tó ń yí, wáyà bàbà ló yí i ká, ESC, ìyẹn àpótí kékeré tó ń pín iná, ló sì ń gbé iná kiri láàárín wáyà mẹ́ta tó wọ motor. Béárìn nìkan ló kù tó lè gbó. Ìdí nìyí tí ESC àtijọ́ kò fi lè wa motor tuntun: wáyà méjì péré ni tirẹ̀ mọ̀. Ẹ ra méjèèjì tó bára mu.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò kan motor rárá. Ẹ tú gíàbọ́ọ̀sì. Àlébù tó ti wà nílẹ̀ ni agbára tuntun máa ń tú fó. Béárìn tí kò bá yí geere, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Gíà rọ́bà tí eyín rẹ̀ ti ń jẹ, ṣáàfù tó ti lọ́, ẹ yọ wọ́n dànù. Kí ẹ sì wo slipper, kílọ́ọ̀ṣì kékeré tó wà lára gíà ńlá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó yọ̀ díẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá fò tó sì balẹ̀ pẹ̀lú táyà tó ń yí lọ́wọ́, kí ìkọlù náà má baà dé eyín gíà. Ẹni tó bá fún un pa, eyín gíà ni yóò fi san án.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ béèrè òfin pápá yín. Ẹgbẹ́ ROAR ti wà lẹ́nu ṣíṣe òfin eré yìí ní Amẹ́ríkà láti 1967, pápá kọ̀ọ̀kan sì tún lè ní tirẹ̀. Òfin ló máa sọ irú motor àti bátìrì tí ẹ lè gbé wá. Ẹ má sì jẹ́ kí nọ́ńbà kV tàn yín. Kò sọ bí motor ṣe lágbára tó. Iye ìgbà tó máa yí ní ìṣẹ́jú kan fún volt kọ̀ọ̀kan, láì gbé ẹrù, ló ń sọ. Ẹ ṣírò rẹ̀: motor 3500 kV lórí bátìrì 2S, ìyẹn oní-ẹyọ méjì, volt 7.4, yóò yí ní ìgbà 25,900. Lórí 3S, volt 11.1, ó di 38,850. Níbi tí ilẹ̀ bá ti gbẹ, táyà ẹ̀yìn méjì kò lè rí ilẹ̀ dì mú pẹ̀lú irú agbára bẹ́ẹ̀. Eruku ni yóò máa tú. 2S ti tó fún eré. Tí owó bá wà, ẹ ra motor oní-sensor. Wáyà tín-ín-rín rẹ̀ ń sọ ibi tí òòfà wà fún ESC, ọkọ̀ á sì gbéra wọ́ọ́rọ́wọ́ láì gbọ̀n. Bí ọkọ̀ ṣe gbéra ní kọ́nà ló ń yà awakọ̀ sọ́tọ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń de motor, ẹ ṣọ́ gígùn sírúù. Èyí tó bá gùn jù yóò wọlé lọ kan wáyà bàbà, motor á sì bàjẹ́ kó tó sáré rárá. Gíà kékeré àti gíà ńlá gbọ́dọ̀ pàdé láì fún ara wọn lọ́rùn: ẹ fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sáàárín eyín wọn, ẹ ti motor mọ́ ọn, ẹ dè é, kí ẹ wá yí bébà náà jáde. Motor oní-sensor, A ni kó lọ sí A, B sí B, C sí C. Èyí tí kò ní sensor, tó bá ń yí sẹ́yìn, ẹ pààrọ̀ wáyà méjì yòówù nínú mẹ́ta. Kí ẹ tó gbé ọkọ̀ sílẹ̀, ẹ gbé e ka orí nǹkan kí táyà má kan ilẹ̀, kí ẹ fi rìmóòtù kọ́ ESC ní ibi tí ìdúró, eré àti bíréèkì wà.

Orí gíà ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń ṣìnà. Ẹ fi eyín gíà kékeré pín eyín gíà ńlá, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po iye tí gíàbọ́ọ̀sì fi ń dín eré kù, èyí tó jẹ́ 2.72 nínú Slash. Bí gíà ńlá bá ní eyín 86, tí kékeré ní 19, motor yóò yí ní ìgbà 12.31 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi eyín 23 dípò 19, ó di 10.17: ọkọ̀ á sáré sí i lórí títì gbọọrọ, motor á sì gbóná sí i. Ṣùgbọ́n pápá eré kún fún kọ́nà àti òkè. Ọkọ̀ kì í rí àyè dé òpin eré rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú eyín tó kéré. Ẹ sáré ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí ẹ wọn ooru motor. Tó bá ti ń súnmọ́ 80°C, ẹ dín eyín kù. Òòfà tó bá gbóná kọjá ààlà ń sọ agbára nù, kì í sì í gbà á padà.

Bátìrì LiPo kò fẹ́ àìbìkítà. Volt 4.2 ni òpin ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó bá kún. Ẹ má jẹ́ kó lọ sílẹ̀ ju 3.2 lọ. Ẹ rí i pé ESC yín wà ní ètò LiPo, kó lè gé iná lásìkò. Bátìrì 5000 mAh, ẹ fi amp 5 gba iná sí i pẹ̀lú ṣájà tó ń mú ẹyọ gbogbo dọ́gba, kí ẹ sì jókòó tì í. Tí ẹ kò bá ní lò ó fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ fi í sí 3.8. Èyí tó bá wú, ẹ má lò ó mọ́, nítorí iná rẹ̀ lè jó ilé.

Lórí pápá, ẹ kọ́kọ́ dín punch, ìyẹn bí iná ṣe ń já wọ motor lójijì, kù nínú ESC, kí ìka yín mọ agbára tuntun náà. Bí ọkọ̀ bá wà lófuurufú, iná tí ẹ bá fún un máa gbé imú rẹ̀ sókè, bíréèkì á tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Brushless máa ń ṣe èyí kíákíá, ẹ fẹ̀sọ̀ lò ó. Lẹ́yìn eré yín, ẹ dúró láti gbé ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn tó bá dojú dé nàró. Ojúṣe gbogbo awakọ̀ ni.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀yin ọmọ mi, mo bẹ̀ yín, ẹ tú gíàbọ́ọ̀sì yín wò lónìí, kí ẹ tó lọ ra motor lọ́la.