Wáyà Olówó Gọbọi Kọ́ Ló Ń Mú Orin Dùn

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ràn orin, ẹ gbọ́ mi kí ọlọ́jà tó gba owó oṣù yín tán lórí wáyà sípíkà.

Iṣẹ́ wáyà kò ju kó gbé iná láti ara amplifier dé ara sípíkà lọ. Kó ṣáà ti jẹ́ bàbà gidi, kó nípọn, kó má gùn jù. Wáyà bàbà 2.5 mm² tó gùn ní mítà 10 tó sípíkà 8 ohm lò nínú pálọ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi ọ̀bẹ ha ojú rẹ̀: bí inú bá funfun, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni.

Lọ́dún 2007, James Randi, onídán kan ní Amẹ́ríkà, fi mílíọ̀nù kan dọ́là lélẹ̀ fún ẹni tó bá lè fi etí nìkan dá wáyà olówó ńlá mọ̀ yàtọ̀ sí wáyà lásán. Kò sẹ́ni tó gbà á.

Bó bá ṣe yín bíi pé ìyàtọ̀ wà, ẹ ní kí ọ̀rẹ́ yín máa pààrọ̀ wọn níbi tí ẹ ò ti ní rí i. Ojú a máa tan etí jẹ. Sípíkà tó dáa, àti kápẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú kọ́tìnì tó nípọn tó ń dín gbohùngbohùn kù nínú yàrá, ni kí ẹ náwó sí.