Kí Àgbẹ̀ Àgbádárìgì Tó Tọwọ́ Bọ̀wé Ẹ̀yáwó

Ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje. Ìgbà tí omi bá gba oko tán ni òwe yìí máa ń ṣòro rántí jù, nítorí ẹni tí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ti rà sínú omi kì í bèèrè irú owó tí wọ́n gbé wá. Yóò ti tọwọ́ bọ̀wé kó tó mọ̀ bóyá ẹ̀bùn ni tàbí gbèsè.

Ẹ wo bí ilẹ̀ wa ṣe rí. Láti Sẹmẹ títí dé Gbẹ̀rẹ̀fú àti Tópò, òkun wà lápá kan, ọ̀sà wà lápá kejì, odò Yewa sì ń gbé omi òjò ìpínlẹ̀ Ògùn bọ̀ wá sínú ọ̀sà kan náà. Oko tó wà láàárín kò níbi tí yóò sá gbà. Eji ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Bí omi bá jókòó sórí ẹ̀gẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, yóò jẹrà nílẹ̀. Ẹ̀fọ́ yóò kú. Ẹja àrọ̀ inú kòtò yóò bá omi lọ.

Ní 2012 tí omi bo ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Nàìjíríà, èèyàn 363 ló kú, àwọn tó sì fi ilé sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 2. Ìjọba àpapọ̀ yọ bílíọ̀nù 17.6 náírà fún àwọn ìpínlẹ̀ àti àwọn àjọ tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Omi tún dé ní 2022, ó pa èèyàn tó lé ní 600. Owó ìrànlọ́wọ́ irú èyí máa ń gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá kó tó dé oko, ìgbà tí yóò fi dé, àsìkò ọ̀gbìn ti lè kọjá. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba ní ẹ̀yáwó pàjáwìrì tí àgbẹ̀ lè bèèrè fún bí wọ́n bá ti kéde pé àjálù bá àgbègbè rẹ̀. Níhìn-ín, ẹ̀yáwó àgbẹ̀ tó ti wà tẹ́lẹ̀ ni a sábà máa ń sá bá, ti Bank of Agriculture tàbí ti àwọn báńkì mìíràn, ẹni tí ìwé rẹ̀ ti pé kí omi tó dé ló sì máa ń tètè rí i gbà.

Ọ̀kan nínú ètò tó ti pẹ́ ni èyí tí wọ́n ń pè ní ACGSF, tí òfin rẹ̀ jáde ní 1977, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1978. Ìjọba ń ṣe onídùúró fún ẹ̀yáwó àgbẹ̀. Àwọn kan wá rò pé bí ìjọba ti dúró, ìjọba ni yóò san án. Rárá o. Báńkì ni ìdúró náà wà fún. Bí àgbẹ̀ kò bá rí owó san, báńkì yóò kọ́kọ́ ta ohun ìdógò rẹ̀, ètò náà yóò wá san 75 nínú 100 ohun tó kù fún báńkì. Orúkọ àgbẹ̀ ṣì wà nínú ìwé onígbèsè. Nǹkan rere kan wà níbẹ̀ tí a kì í pariwo rẹ̀ tó: láti 2003 ni Báńkì Àpapọ̀ ti ṣètò pé kí ẹni tó bá san ẹ̀yáwó rẹ̀ pé lásìkò gba 40 nínú 100 èlé tó san padà. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ báńkì yín bóyá ó kan irú èyí tí ẹ fẹ́ gbà.

Àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà ló kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ èkejì. Ní 2020, NIRSAL Microfinance Bank pín ẹ̀yáwó Báńkì Àpapọ̀ fún ìdílé àti oníṣòwò kéékèèké. Ìdílé kan lè gbà tó mílíọ̀nù 3 náírà. Ọ̀pọ̀ gbà á bí owó ìjọba, owó gbogbo wa. Lọ́dún yẹn kan náà ni Báńkì Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò GSI, tó fún báńkì láyè láti yọ gbèsè tó ti kọjá ọjọ́ nínú àpò owó mìíràn tí BVN onígbèsè bá so mọ́. Ẹ rò ó wò: owó iléèwé ọmọ tí ẹ fi sí báńkì kejì lè lọ síbi ẹ̀yáwó tí ẹ ti gbàgbé.

Nítorí náà, kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé, ẹ ní kí wọ́n sọ ọ́ lédè tí ẹ gbọ́, ìbáà ṣe Yorùbá tàbí Ògù: ṣé a óò san án padà? Èló ni èlé? Ọjọ́ wo ni sísan bẹ̀rẹ̀? Ẹni tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ fi owó fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sórí fóònù òun, ẹ má dá a lóhùn.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ sísan yìí ló dùn mí jù. Ẹ̀fọ́ ń yá láàárín oṣù kan sí méjì. Ẹja àrọ̀ ń gba nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ẹ̀gẹ́ ń gbà tó ọdún kan. Àgbọn, igi tí a fi ń mọ Àgbádárìgì, kì í so kó tó tó ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, èyí tó bá ga fíofío sì lè lé ní mẹ́fà. Ẹni tó bá fi ẹ̀yáwó ọdún kan gbin àgbọn tuntun rọ́pò èyí tí omi wó ti kó ara rẹ̀ sí wàhálà. Ẹ fi owó ọdún kan ṣe ẹ̀fọ́ àti ẹ̀gẹ́, kí ẹ jẹ́ kí àgbọn máa dìde díẹ̀díẹ̀ láti inú èrè wọn.

A máa ń sọ ọ́ níhìn-ín pé ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó sá. Ọ̀rọ̀ akin ni, ṣùgbọ́n òun náà ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wa gba adójútòfò. NAIC, àjọ adójútòfò iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ètò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1987, wà fún èyí, ìjọba sì ń san ìdajì owó rẹ̀ lórí àwọn irè oko àti ẹran ọ̀sìn kan. Kí òjò tó dé ni wọ́n ń gbà á. Bí omi bá ti wọlé, kò sẹ́ni tí yóò tà á fún yín mọ́.

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ṣe gàrí, tí ẹ ń yan ẹja, ẹ̀yin ni omi sábà máa ń pa lára láìjẹ́ pé orúkọ yín wọ ìwé, nítorí orúkọ ọkọ tàbí ti ẹbí ni ilẹ̀ ń jẹ́. Ẹ wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lórúkọ ara yín, kì í ṣe lábẹ́ orúkọ baálé. Ìwé ẹgbẹ́ àti ìwé ìfowópamọ́ yín ni báńkì yóò fi mọ̀ pé iṣẹ́ wà lọ́wọ́ yín.

Bí omi bá wá kó oko tí ẹ fi ẹ̀yáwó dá, ẹ má sá fún báńkì. Ẹ ya àwòrán oko kí omi tó fà, ẹ pe òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba wá wò ó, ẹ tètè sọ fún adójútòfò. Lẹ́yìn náà, kí ọjọ́ sísan tó pé, ẹ kọ lẹ́tà sí báńkì pé kí wọ́n sún un síwájú, ẹ fi àwòrán náà ti í lẹ́yìn, kí ẹ sì rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sára ẹ̀dà tí yóò wà lọ́wọ́ yín.