Àpótí Ìmọ̀: Heartbleed àti Ọjà Bitcoin

Ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì máa ń sọ ọ̀rọ̀ di àdììtú kí ẹlòmíràn má baà rí i kà lójú ọ̀nà. Kọ́kọ́rọ́ tó ń tú àdììtú náà wà nínú kọ̀ǹpútà ìkànnì ọ̀hún.

Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ yìí lè jò síta. Àpẹẹrẹ: Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 2014, wọ́n kéde àléébù Heartbleed nínú OpenSSL, sọ́fítíwia tí ọ̀pọ̀ ìkànnì fi ń sọ ọ̀rọ̀ di àdììtú. Ẹnikẹ́ni lè bi kọ̀ǹpútà ìkànnì tó ní àléébù náà ní ìbéèrè ẹ̀tàn, kí kọ̀ǹpútà náà sì tú ohun tó tó kilobyte 64 sílẹ̀ látinú ìrántí rẹ̀: páásíwọ́ọ̀dù, kódà kọ́kọ́rọ́ gan-an. Nítorí èyí, Bitstamp, ìkànnì tí wọ́n ti ń ra Bitcoin (owó orí íntánẹ́ẹ̀tì), dá ìforúkọsílẹ̀, ìwọlé àti gbígba Bitcoin jáde dúró fúngbà díẹ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, torí Bitcoin tó bá ti jáde, kò sí báńkì tó lè dá a padà.

Kíyè sí bí iṣẹ́ ṣe ń tẹ̀ léra: ìkànnì á kọ́kọ́ fi ẹ̀dà OpenSSL tí wọ́n ti tún ṣe (1.0.1g nígbà náà) dí àléébù, á pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ àti ìwé-ẹ̀rí rẹ̀, lẹ́yìn náà ni oníbàárà á yí páásíwọ́ọ̀dù padà. Ẹni tó bá yí tirẹ̀ kí wọ́n tó dí i, tuntun náà tún lè jò.