ILÉ OLÓDI TÓ DI ÒTẸ́Ẹ̀LÌ



Ilé tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀, ẹ mọ bó ṣe ń rí. Òjò á máa pa á, koríko á hù lára ògiri, aláǹgbá á sọ ọ́ di tirẹ̀. Lọ́jọ́ kan, á wó. Kí la lè ṣe kí ilé àtijọ́ má baà wó? Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Sípéènì, tí àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè ní Espagne.

Ìlú kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Sigüenza. Láti ibẹ̀ dé Madrid, olú-ìlú wọn, tó nǹkan bíi kìlómítà 130. Lórí òkè ìlú náà, ilé olódi ńlá kan wà. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ògiri rẹ̀ nípọn, ó sì ní ilé ìṣọ́ gíga.

Ta ló ni ín? Àwọn Mùsùlùmí tó ń jọba níbẹ̀ láyé ọjọ́un ló kọ́kọ́ ní odi lórí òkè náà. Ní ọdún 1124, bíṣọ́ọ̀bù kan tó ń jẹ́ Bernardo gba ìlú náà lọ́wọ́ wọn. Láti ìgbà náà, àwọn bíṣọ́ọ̀bù ló ń gbé ibẹ̀. Ó ju 600 ọdún lọ.

Kì í ṣe ìgbádùn nìkan ló wà níbẹ̀ o. Ní ọdún 1353, ọba Pedro fẹ́ Blanche, ọmọ ilẹ̀ Faransé. Kò pẹ́ rárá tí ọba fi kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ó sì ní kí wọ́n tì í mọ́lé. Ilé olódi yìí wà lára ibi tí wọ́n há a mọ́.

Nígbà tó yá, ogun dé. Àwọn sójà Faransé ba ilé náà jẹ́ nínú ogun ọdún 1808 sí 1814. Ní ọdún 1936, àwọn ará Sípéènì gbógun ti ara wọn. Ogun yẹn tún bà á jẹ́ gidigidi.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1949, ìjọba ṣe òfin láti dáàbò bo gbogbo ilé olódi ilẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n òfin nìkan ò lè tún ilé ṣe. Owó ńkọ́?

Láti ọdún 1928 ni ìjọba ti ń ṣí àwọn ilé àlejò tí wọ́n ń pè ní parador. Àkọ́kọ́ wà ní òkè Gredos. Lẹ́yìn náà, wọ́n ń mú ilé olódi àti ààfin àtijọ́, wọ́n ń tún wọn ṣe, wọ́n ń sọ wọ́n di òtẹ́ẹ̀lì. Lónìí, parador ju 90 lọ. Ìjọba ló ṣì ni wọ́n.

Láàárín ọdún 1970 sí 1980, ó kan Sigüenza. Wọ́n tún ògiri mọ, wọ́n kọ́ inú ilé lọ́tun. Àwọn àlejò ń wá sùn, wọ́n ń sanwó.

Èrè wà níbẹ̀. Ilé náà ò wó mọ́. Àwọn alásè, afọṣọ àti olùtọ́jú yàrá ń rí iṣẹ́ ṣe nínú irú ilé bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìṣòro wà. Owó yàrá kì í ṣe kékeré. Ẹni tó ń tẹ́ ibùsùn lè má rí owó tó máa fi sùn lórí rẹ̀. Bí a bá sì gbàgbé Blanche nítorí pé ibùsùn rọ̀, a tún ògiri ṣe, ṣùgbọ́n a sọ ìtàn nù.

Ẹ̀yin ará, bí ilé àtijọ́ bá wà ní ìlú yín, ẹ má dúró dìgbà tó bá wó. Ẹ lọ bá àwọn àgbà. Ẹ bi wọ́n: ta ló kọ́ ọ? Kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀? Ẹ ti mọ̀wé kọ báyìí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

ÌTUMỌ̀ Ọ̀RỌ̀
Ilé olódi: ilé ńlá tí wọ́n mọ odi yí ká nítorí ogun.
Parador: ilé àlejò ìjọba ní ilẹ̀ Sípéènì.

ÌBÉÈRÈ
1. Àwọn wo ló gbé inú ilé olódi Sigüenza?
2. Kí ló bà á jẹ́?
3. Ẹ jíròrò: bí ilé tó jẹ́ ti gbogbo ìlú bá di òtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá, báwo ni tálákà ṣe máa jẹ nínú èrè rẹ̀?