Bí Ọmọ Ológbò Bá Ń Yàgbẹ́ Gbuuru

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí kò jẹ mọ́ ẹ̀gẹ́, kò sì jẹ mọ́ adìẹ. Ọmọ ológbò ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹni tí ó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kí ó kọ́kọ́ lọ wo àká rẹ̀ ná. Nígbà púpọ̀, eku kì í jẹ hóró àgbàdo tán. Ojú hóró ni ó ń jẹ, tí yóò sì fi ìyókù sílẹ̀. Irú àgbàdo bẹ́ẹ̀, bí a gbìn ín ní ìgbà mẹ́wàá, kò ní hù.

Ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó tí a wà yìí, ọ̀rọ̀ eku tún ju ti àgbàdo lọ. Ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ọdún 1969, tí wọ́n sì fi orúkọ ìlú Lassa ní ilẹ̀ Borno pè, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ irú eku kan tí ó máa ń wọlé tọ oúnjẹ wá ni ó ń gbé e kiri. Ilé ìwòsàn ńlá tí ó wà ní Irrua, ní ìpínlẹ̀ wa níbí, ti di ibi tí a mọ̀ káàkiri Nàìjíríà fún ìtọ́jú àìsàn náà. A kò sọ pé ológbò ni oògùn Lassa o. Oúnjẹ tí a dé pinpin àti ilé tí kò ní pàǹtírí ni àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá ka ológbò mọ́ àwọn ohun tí a lè fi lé eku jìnnà sí ilé.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa tí ń dáko lẹ́yìn Ugbowo, ní ìhà Isihor àti Oluku, fi ń wá ọmọ ológbò. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni pé a ń gbà á ní kékeré jù. Ọmọ ọ̀sẹ̀ 4, tí ó yẹ kí ó ṣì wà lọ́mú títí di ọ̀sẹ̀ 8, ni a ó gbé sínú páálí, tí a ó gbé e wọ ọkọ̀, bí ó bá sì ti délé, a ó bu mílíìkì inú agolo fún un. Ní ọjọ́ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí yàgbẹ́ omi. Ní ọjọ́ kẹta, ó ti kú. Àwọn ará ilé á wá ní ológbò kì í gbé ilé àwọn. Irọ́ ni. Omi ara rẹ̀ ni ó tán.

Ẹ jẹ́ kí a yé ara wa níhìn-ín, nítorí gbòǹgbò ẹ̀kọ́ náà nìyí. Ọmọ ológbò ọ̀sẹ̀ 4 kò ju nǹkan bíi 400 gíráàmù lọ. Kò tó ààbọ̀ kílò. Níbo ni yóò ti rí omi tí yóò máa dànù? Bí omi bá ti ń jáde, ara á bẹ̀rẹ̀ sí tutù. Bí ara bá sì tutù, ìfun kò ní lè da oúnjẹ mọ́. Nítorí náà, kí a tó máa wádìí ohun tí ó fa ìgbẹ́ náà, ooru àti omi ni kí a kọ́kọ́ wá fún un. Wákàtí ni a fi ń ka ọ̀rọ̀ yìí, a kì í fi ọjọ́ kà á.

Bí a ṣe ń mọ̀ pé omi ti gbẹ lára rẹ̀ kò ṣòro. Ẹ fi ìka méjì fa awọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ sókè, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Bí kò bá padà lọ́gán, omi ti dín. Ẹ fọwọ́ kan erìgì rẹ̀ pẹ̀lú. Ó yẹ kí ó pupa fẹ́ẹ́rẹ́, kí itọ́ sì wà níbẹ̀. Bí ó bá gbẹ tí ó ń lẹ̀ mọ́ ìka, ewu ti dé. Fún àwọn tí ó kéré gan-an, erìgì ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé ju awọ lọ.

Ẹ rọ omi gbígbóná sínú ìgò, ẹ fi aṣọ wé e dáadáa, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú páálí, kí ọmọ náà lè sún mọ́ ọn, kí ó sì lè sún kúrò bí ooru bá pọ̀ jù. Ẹ má ṣe gbé e sí ẹnu ààrò. Bí ara rẹ̀ bá tutù nini, ẹ má tíì fi oúnjẹ tàbí omi sí i lẹ́nu títí ara náà yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Omi tí àwọn ìyá ń pò fún ọmọ tí ó ń yàgbẹ́ náà ni a ó lò. Omi tí a ti sè tí ó sì ti tutù, lítà 1, ìyẹn ìwọ̀n ọ̀rá pure water méjì; ṣúgà ṣíbí tíì 6 tí a gé lórí dọ́gba; iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí tíì. Iyọ̀ kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. ORS tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísìtì náà dára. Ẹ fi ṣírínjì tí a ti yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ fa ìwọ̀n ààbọ̀ ṣíbí tíì, kí ẹ máa kán an sí i ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu díẹ̀díẹ̀, ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Lóru, ẹ dìde fún un ní wákàtí méjì méjì. Kí ó dà ikùn délẹ̀ bí ìgbà tí ó ń mu ọmú ni o. A kì í gbé e kalẹ̀ lẹ́yìn bí a ti ń rọ ọmọ ènìyàn, kí omi má baà gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Mílíìkì màlúù ńkọ́? Kí ó dáwọ́ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Irú ṣúgà kan wà nínú rẹ̀ tí ìfun ọ̀pọ̀ ológbò kò lè dà dáadáa, ó sì ń fa omi wọ inú ìfun. Ọmú ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀ kò léwu. Bí ìyá náà bá wà nítòsí, ẹ dá ọmọ padà fún un. Ọmọ tí ó bá ti ń jẹun, ẹ fún un ní ẹja tàbí adìẹ tí a fi omi lásán bọ̀, tí a yọ eegun rẹ̀, tí a sì tẹ̀ kúnná, díẹ̀díẹ̀, ní ìgbà 5 tàbí 6 lójúmọ́. Ata kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀, mágì kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀, àlùbọ́sà ni kí ẹ sá fún jù, nítorí a máa ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́. Ẹ má sì febi pa á pé kí inú rẹ̀ lè sinmi. Ọmọ tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ kò lè gba ebi.

Nípa oògùn, a ó sọ ọ́ láìfi bọ̀. Parasitamọ́ọ̀ ń pa ológbò. Tábìlẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo lè pa èyí tí ó ti dàgbà, ká má tilẹ̀ sọ ọmọ. Oògùn tí ènìyàn fi ń dá ìgbẹ́ dúró, ẹ má fún un. Flagyl àti àjẹkù kápúsù tí ó wà nínú àpótí ilé, ẹ fi í sílẹ̀ títí dókítà ẹran yóò fi sọ̀rọ̀. Epo pupa tí àwọn àgbà máa ń dà sí i lẹ́nu kò ran nǹkan kan lọ́wọ́ níbí. Òróró inú rẹ̀ ń mú ìgbẹ́ le sí i.

Bí kì í bá ṣe mílíìkì, aràn ni kí ẹ fura sí. Aràn kan wà tí ó ń gba inú ọmú ìyá wọ ara ọmọ, nítorí náà ọmọ ọ̀sẹ̀ 3 pàápàá lè ti ní i. Ikùn á yọ kọ́ńdọ́, egungun ẹ̀yìn á sì hàn. Nígbà mìíràn aràn funfun bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ á bá ìgbẹ́ tàbí èébì jáde. Èyí tí ń mu ẹ̀jẹ̀ burú jù ú lọ: ìgbẹ́ á dúdú bí ọ̀dà, erìgì á sì funfun. Oògùn aràn rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ara ni a fi ń fún un, nítorí náà ẹ wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n kí ẹ tó lọ.

Àrùn kan wà tí kì í ṣe eré, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní panleukopenia. Ọmọ náà á máa bì, ara rẹ̀ á gbóná, á káwọ́ gbera, nígbà mìíràn á gbé orí sórí àwo omi láìmu ún. Kòkòrò àrùn yìí lè wà nínú ilé fún ọdún kan. Ilé tí ó bá ti pa ológbò, kí wọ́n má ṣe mú òmíràn tí kò gba abẹ́rẹ́ wọ ibẹ̀. Bleach ife 1 sí omi ife 31 ni a fi ń fọ ilẹ̀ àti àwo, kí ó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, a sì ń tún un gbà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin títí ó fi pé ọ̀sẹ̀ 16.

Ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, èébì tí kò dúró, erìgì funfun, tàbí kí ìgbẹ́ kọjá ọjọ́ kan: ẹ gbé e lọ. Yunifásítì Benin ní Ugbowo ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti béèrè ibi tí dókítà ẹran wà. UBTH, tí ó ti wà ní Ugbowo láti ọdún 1973, ènìyàn ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀.

Kí àwọn ọmọdé má fọwọ́ kan ìgbẹ́ náà, nítorí ẹyin aràn rẹ̀ lè wọ inú wọn. Aláboyún kò gbọdọ̀ kó o. Ẹlòmíràn ni kí ó máa kó o lójoojúmọ́, kí ó sì fi ọṣẹ wẹ ọwọ́. Kí ẹ tó gbé ọmọ náà lọ bá dókítà, ẹ bu díẹ̀ nínú ìgbẹ́ ọjọ́ náà sínú ike kékeré tí ó ní ìdérí, ẹ sì mú un dání.