Alágbàtà Tó Wọ Aṣọ Oníbàárà: Ọ̀rọ̀ lórí Ìpolówó Ọjà Ọmọdé ní Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí a bá dárúkọ ìpolówó ọjà nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa yìí, ohun tí ó sábà máa ń wá sí wa lọ́kàn ni igbe àwọn tí ń kiri ọjà: ẹlẹ́kọ, ẹlẹ́wà, oníṣu, ológì. A ti kọ́ nípa rẹ̀ nínú kíláàsì lítíréṣọ̀ alohùn. A ti tú u palẹ̀, a ti wá àwítúnwí àti àfiwé inú rẹ̀ jáde, a sì ti fi gba máàkì. Èyí tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò nísinsìnyí kò jìnnà sí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú pópó ni a ti ń gbọ́ ọ. Inú fóònù ni. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí àwọn ìyá ọlọ́mọ tí wọ́n ti di gbajúmọ̀ lórí Instagram, Facebook àti TikTok, tí wọ́n ń kọ́ àwọn ìyá yòókù ní ọmọ títọ́, tí àwọn ilé iṣẹ́ sì ń sanwó fún kí wọ́n lè fi ọjà hàn. Nígbà tí irú ìyá bẹ́ẹ̀ bá ń yin mílíìkì tàbí oògùn kan, irú ọ̀rọ̀ wo gan-an ni ó ń sọ? Ṣé ìmọ̀ràn ni àbí ìpolówó?

Ọmọ Àpòmù ni mí. Ẹni tí ó bá ka ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, yóò rí i pé ọjà ni ó gbé orúkọ ìlú wa wọ inú rẹ̀. Ọjà Àpòmù ni Ìjẹ̀bú, Ifẹ̀, Òwu àti Ọ̀yọ́ ti ń pàdé. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń jí àwọn oníṣòwò gbé tà lẹ́rú, ibẹ̀ sì ni ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ lórí ataare tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, ìjà tí ó wà lára ohun tí ó fa ogun Òwu. N kò fi ogun Òwu wé ọ̀rọ̀ Instagram o! Ohun tí mo ń wí ni pé ọmọ irú ọjà bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ojú kékeré wo ìbéèrè pé ta ni a ń bá ná ọjà.

Èlùbọ́ ni ìyá mi ń tà ní Àpòmù. Nígbà mìíràn wọ́n máa ń gba ọjà ẹlòmíràn tà, èyí tí a ń pè ní àgbàtà. Bí oníbàárà bá ti nawọ́ sí i, ìyá mi yóò ní, “Tèmi kọ́ nìyẹn o, mo ń bá ìyá kan tà á ni.” Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé ọ̀rọ̀ yìí yóò lé oníbàárà lọ. Kì í lé wọn lọ. Ẹni tí ń rà á kàn mọ̀ pé èrè alágbàtà wà lórí iye tí a pè, ó sì mọ ibi tí ẹjọ́ yóò wà bí èlùbọ́ náà bá ti bu. Bákan náà ni bí ẹ bá dé Ìkirè tí ó múlé tì wá, àwọn tí ń ta dòdò Ìkirè ní etí títì yóò sáré tẹ̀lé ọkọ̀ yín, wọn yóò yin dòdò wọn dé ojú ọ̀run, ṣùgbọ́n kò sí èrò kan nínú ọkọ̀ tí yóò rò pé oníbàárà ẹlẹgbẹ́ òun ni ó ń bá òun sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bímọ ní 2023. Àkọ́bí wọn ni. Ọkọ wọn ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n máa ń wálé, nítorí náà fóònù ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń ṣe ẹnì kejì lóru bí ọmọ kò bá jẹ́ kí wọ́n sùn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí ìyá kan tí Yorùbá rẹ̀ dùn létí. A máa gbé ọmọ rẹ̀ lé itan, a máa ròyìn bí ọmú kò ṣe wá dáadáa fún òun, bí òun ṣe sunkún, bí ìyá ọkọ òun ṣe ń wo òun, kí ó tó wá mú agolo mílíìkì kan lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ra agolo náà. Wọ́n ra èkejì. Owó oúnjẹ ilé ni wọ́n fi rà á, nígbà tí apá kò sì ká a mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi sí i ju bí ó ti yẹ lọ kí agolo lè pẹ́. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ọmú tí ó ti ń wá tẹ́lẹ̀ dín kù, nítorí ọmú tí ọmọ kò bá mu kì í wá. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ni ó là wọ́n lóye. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ọmọ náà ti ń sáré kiri ilé báyìí.

Ohun tí ó ká ẹ̀gbọ́n mi lára jù kì í ṣe owó. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìyá orí fóònù tún jáde, agolo ilé iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀, ìtàn kan náà, omijé kan náà, ó ní èyí nìkan ni òun ń lò láti ọjọ́ tí òun ti bímọ. Ẹ̀gbọ́n mi gbé fóònù fún ìyá mi wò. Ìyá mi wò ó títí, wọ́n ní, “Ta ni ó ń bá tà á?”

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀kọ́ èdè wa yẹ ìbéèrè yìí wò. Ìpolówó tí a bá nílẹ̀ kì í fi ara pamọ́. Igbe ni, òkè ni a ń ké e sí, gbogbo ẹni tí ń kọjá ni a sì ń ké e sí. Bí olówò tilẹ̀ ṣe àbùmọ́, kò sí ẹni tí yóò pè é ní òpùrọ́, nítorí gbogbo wa ni a mọ̀ pé ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ìmọ̀ràn ọmọ títọ́ yàtọ̀ pátápátá. Ohùn ìsàlẹ̀ ni a fi ń sọ ọ́, nínú yàrá, lẹ́bàá omi gbígbóná tí ìyá àgbà fi ń wẹ ọmọ tuntun. Ohun tí ó jẹ́ kí a gba ọ̀rọ̀ ìyá àgbà gbọ́ ni pé ó ti tọ́mọ rí, àti pé kò sí ẹni tí ó sanwó fún un kí ó tó sọ ọ́.

Ìyá orí fóònù mú ọjà tí ó yẹ kí a ké sókè, ó gbé e wọ inú yàrá. Ẹ wo ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀: kì í wí pé “ẹ wá rà”, “mo ń lò ó” ni ó ń wí. Ẹ wo arọ́pò orúkọ: “àwa ìyá”, “ọmọ mi”. Ẹ wo gbólóhùn àkíyèsí alátẹnumọ́ tí ó fẹ́ràn jù: “Èyí nìkan ni mo ń lò.” Bí a bá fi ojú gírámà wò ó, kò sí ibi kankan tí ó ti ń ta nǹkan. Ẹ̀rí ni ó ń jẹ́. Ẹlẹ́rìí tí ó ti gba owó lọ́wọ́ ẹni kan nínú ẹjọ́ náà kúkú ni, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan ni a kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi pè é ní alágbàtà tí ó wọ aṣọ oníbàárà.

Aṣọ yìí kì í ṣe tuntun. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn ilé iṣẹ́ mílíìkì ọmọdé gba àwọn obìnrin síṣẹ́, wọ́n wọ aṣọ funfun bíi ti nọ́ọ̀sì, wọ́n sì ń rìn kiri ilé ìgbẹ̀bí ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, Nàìjíríà pẹ̀lú. Ìyá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ń wo aṣọ, kò mọ̀ pé ọlọ́jà ni. Ní 1974 ni ẹgbẹ́ War on Want ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù tẹ ìwé kékeré kan jáde, èyí tí Mike Muller kọ, tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí Apọmọjòjòló. Ìwé náà ṣàlàyé bí àwọn ìyá tálákà ṣe ń la mílíìkì jù, tí wọ́n sì ń fi omi àìmọ́ pò ó. Ẹ rántí ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ní 2023! Ní 1977 àwọn ará Amẹ́ríkà kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọjà Nestlé sílẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 1981, ìpàdé àgbáyé lórí ìlera dìbò lórí ìlànà títa ohun tí a fi ń rọ́pò ọmú: 118 orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí i, 3 kò sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, Amẹ́ríkà nìkan ni ó kọ̀. Ìlànà náà kò fàyè gba kí a polówó mílíìkì yìí fún gbogbo ayé, kò gba kí a fún ìyá ní ọ̀fẹ́ ìtọ́wò, kò sì gba kí òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ wá aláboyún tàbí ìyá ọmọ lọ tààrà. Nàìjíríà sọ ọ́ di òfin ní 1990, nínú Dìkírì 41. NAFDAC ni ó ń mójú tó o báyìí.

Aṣọ nọ́ọ̀sì ti kúrò nílẹ̀, aṣọ ìyá ẹlẹgbẹ́ ẹni ni ó kù. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé ìròyìn méjì jáde ní 2022. Nínú ti oṣù kejì, wọ́n fọ̀rọ̀ wá 8,500 òbí àti aláboyún lẹ́nu wò ní orílẹ̀-èdè mẹ́jọ, Nàìjíríà wà nínú wọn. Ó lé díẹ̀ ní ìdajì wọn tí ìpolówó mílíìkì ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Nínú ti oṣù kẹrin, wọ́n yẹ mílíọ̀nù 4 ọ̀rọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì lórí bí a ṣe ń bọ́ ọmọ wò, wọ́n sì rí i pé àwọn ilé iṣẹ́ ń sanwó fún àwọn gbajúmọ̀ láti bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀ lọ́nà tí ìyá kò fi ní mọ̀ pé ìpolówó ni. Ní ilẹ̀ wa, ìwádìí ìlera ìjọba ti 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, 29 péré ni ó ń mu ọmú nìkan.

Òfin kò sùn. Láti 2009 ni Amẹ́ríkà ti ní kí ẹni tí ó bá gba owó tàbí ọjà ọ̀fẹ́ kí ó tó yin nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì sọ ọ́ síta. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2019, ìyá kan tí àwọn tó ń tẹ̀lé e lé ní 30,000 polówó oògùn oorun. Ó tilẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìpolówó ni. Àjọ ìpolówó wọn dá a dúró síbẹ̀síbẹ̀, wọ́n ní ẹni tí ó ní èrò tó bẹ́ẹ̀ ti di gbajúmọ̀, gbajúmọ̀ kò sì gbọdọ̀ polówó oògùn. Níhìn-ín, òfin 2022 sọ APCON di ARCON, ó sì ní kí a yẹ ìpolówó wò kí ó tó jáde, ti íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà ni ARCON gbé Meta tí ó ni Facebook àti Instagram lọ sí ilé ẹjọ́, tí ó ń béèrè 30 bílíọ̀nù náírà nítorí ìpolówó tí a kò yẹ̀ wò.

Àwọn kan yóò sọ pé iṣẹ́ ni àwọn ìyá wọ̀nyí ń ṣe, ọmọ ni wọ́n fi ń bọ́. Òótọ́ ni, n kò sì bá wọn jà. Fídíò kan lè gba ọjọ́ méjì. Ẹni tí a sanwó fún sì lè sọ òtítọ́. Èlùbọ́ àgbàtà ìyá mi dára nígbà mìíràn ju tiwọn lọ. Ṣùgbọ́n olùgbọ́ ni ó ni ẹ̀tọ́ láti wọn ọ̀rọ̀ náà, kò sì lè wọ̀n ọ́n bí a bá gba òṣùwọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Lórí pámpásì tàbí aṣọ ọmọ, mo gbà pé kí a sọ ọ́ síta ti tó. Lórí mílíìkì ọmọ jòjòló àti oògùn, kò tó. Ta ni ó lè gbàgbé oògùn eyín ti 2008 tí kẹ́míkà olóró wà nínú rẹ̀, tí ó pa ọmọ tí ó lé ní 80 ní ilẹ̀ yìí?

Ó ku ọ̀rọ̀ èdè, èyí tí ó kàn wá jù. Mo jókòó wo ogún fídíò irú èyí, gbogbo wọn ni èdè Yorùbá. Mẹ́ta nínú wọn sọ pé a sanwó. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni ó wà, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àmì, “ad” nínú méjì, “collab” nínú ọ̀kan. Gbogbo adùn ọ̀rọ̀ jẹ́ Yorùbá, òtítọ́ kan ṣoṣo tí ó wà níbẹ̀ sì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí a gé kúrú. Àwọn kan ń lo “onígbọ̀wọ́”. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ẹni tí ó gbọ̀wọ́ fún ènìyàn ń dúró fún un nínú ìṣòro ni. Ilé iṣẹ́ tí ó ra ohùn ìyá kò dúró fún ẹnikẹ́ni. “Wọ́n sanwó fún mi kí n tó sọ èyí” yé ọmọdé, ó yé àgbà. Bí ó bá jẹ́ ọjà ni wọ́n fún un, kí ó ní, “Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún mi.” Kí ó sì fi ẹnu sọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn tí kò mọ̀wé kà náà ń wo fídíò.

Ní oṣù tí ó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi kọ ìbéèrè sí ìyá orí fóònù náà: “Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ṣé wọ́n sanwó fún yín lórí agolo àkọ́kọ́ yẹn?” Èsì dé ní ọjọ́ kejì. Àwòrán ọkàn pupa kan ni, kò sí ọ̀rọ̀ kankan pẹ̀lú rẹ̀. Ìyá mi béèrè ohun tí ó wí, ẹ̀gbọ́n mi sì fi hàn wọ́n. Wọ́n gba fóònù, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú.

“Kí ni wọ́n ń pe ìyẹn ní Yorùbá?”