Àpótí ìmọ̀: Ará ilé tí kò rí ilé wọ̀

Ká ní ṣọ́ọ̀bù páàtì mọ́tò kan ní Abossey Okai, Accra, gbé sáfà rẹ̀ sí yàrá ẹ̀yìn, ní 192.168.1.10. Oníbàárà tó wà ní Kumasi ń rí ìkànnì wọn. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù tó jókòó ti sáfà ò rí i. Àdírẹ́sì ìta ló pè. Firewall yí ìyẹn padà sí ti sáfà, àmọ́ kò fọwọ́ kan ti ọmọ ṣọ́ọ̀bù, 192.168.1.25. Sáfà rí i pé ará ilé ni, ó dá a lóhùn tààrà. Kọ̀ǹpútà ọmọ ṣọ́ọ̀bù ò mọ ẹni tó ń fèsì, ló bá da èsì nù! Kí firewall fi àdírẹ́sì tirẹ̀, 192.168.1.1, rọ́pò ti ọmọ ṣọ́ọ̀bù náà, èsì á gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n nínú àkọsílẹ̀ sáfà, gbogbo ará ṣọ́ọ̀bù á wá di 192.168.1.1. Ní tèmi, kí DNS inú ilé kúkú máa júwe 192.168.1.10 fún wọn.